Kí lẹ máa ń wò kí ẹ tó fọkàn tán olórí ilé-ìwé aládàáni kan ní Àbújá?

Màmá Ire, Gwarinpa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí láàmú. Ọmọ mi obìnrin wà ní Pámárì 4 ní ilé-ìwé aládàáni kan níbí. Nígbà tí a mú un lọ síbẹ̀, ilé-ìwé náà dára, mi ò ní purọ́. Láti ìgbà tí ọ̀gá àgbà tí a bá níbẹ̀ ti lọ ni nǹkan ti yí padà. Olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín táàmù, wọn ò sọ fún wa, ẹnu ọmọ la ti gbọ́. Iṣẹ́ àṣetiléwá tó ń ṣe, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Bí mo bá ní mo fẹ́ rí ọ̀gá àgbà tuntun, wọ́n á ní ó ní ìpàdé. Owó ilé-ìwé sì tún gòkè.

Bàbá rẹ̀ ní ká mú un kúrò bí ọdún ẹ̀kọ́ bá parí. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí ká má lọ kó sínú èyí tó burú jù ú lọ. Pátákó gbogbo wọn ló dára, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ló sì wà lórí ìwé ìpolówó gbogbo wọn. Ẹ má dárúkọ ilé-ìwé kankan fún mi o, mi ò fẹ́ kó di ẹjọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ ni èyí: kí lẹ máa ń wò, kí lẹ sì máa ń béèrè, tí ẹ fi ń mọ̀ pé olórí ilé-ìwé kan mọ iṣẹ́ rẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Kubwa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá Ire. Ìbéèrè kan ni mo máa fi ń bẹ̀rẹ̀: "Olùkọ́ tó máa kọ́ ọmọ mi, láti ìgbà wo ló ti wà níbí?" Mi ò kì í bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀ tàbí iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní. Ibi tí tíṣà bá ti ń pẹ́, olórí ibẹ̀ ń ṣe nǹkan kan tó dára. Ibi tí wọ́n bá ti ń pààrọ̀ tíṣà ní táàmù dé táàmù, bó ti wù kí wọ́n kun ògiri rẹ̀ tó, ọmọ ló máa jìyà rẹ̀. Ọmọ kékeré nílò àgbà kan tó ti mọ̀ ọ́n, tó mọ̀ pé bí lágbájá bá dákẹ́ nígbà ìṣirò, kò yé e ni, ojú ló ń tì í láti béèrè. Ẹni tó dé lánàá ò lè mọ ìyẹn.

Ẹ má bi ọ̀gá nìkan o. Ẹ bi tíṣà fúnra rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ẹ bi ọmọ tó wà ní kíláàsì òkè pé ta ló kọ́ ọ ní ọdún tó kọjá. Bó bá dárúkọ ẹni mẹ́ta fún kíláàsì kan, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín.

Ummu Sódíq, Lugbe

Mo fọwọ́ sí ohun tí Bàbá Ìbejì sọ. Kí n fi kún un pé lọ́jọ́ tí wọn ò retí yín ni kí ẹ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe àlejò, kò sí ilé-ìwé tí kì í mọ́ tónítóní. Ẹ lọ lọ́jọ́ iṣẹ́ kan láàárín táàmù, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ẹ ní fọ́ọ̀mù lẹ wá gbà. Kí ẹ wá jókòó. Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ wí, àti bí ọ̀gá ṣe ń bá tíṣà sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó bá ń jágbe mọ́ tíṣà lójú àwọn ọmọ, ó ti gba ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ tíṣà náà nìyẹn, àwọn ọmọ ò sì ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́ nínú kíláàsì.

Àwa Mùsùlùmí, ẹ béèrè aago tí wọ́n ń parí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ béèrè bóyá olùkọ́ IRS, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìlámù, wà lóòótọ́, torí àwọn ibì kan wà tí wọ́n kàn kọ ọ́ sínú àtẹ iṣẹ́ lásán, tó bá sì tó àkókò, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ wa lọ jókòó ti àwọn tó ń ṣe CRS, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kìrìstẹ́nì. Ọ̀gá tó mọ ẹ̀tọ́ kì í dúró kí òbí wá bẹ òun lórí èyí. Bákan náà ló rí fún Kìrìstẹ́nì tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé tí Mùsùlùmí dá sílẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Karu

Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ayé mi ṣe. Mo kọ́ni ní ilé-ìwé ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn náà ni àwọn aládàáni pè mí pé kí n wá ṣe ọ̀gá àgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí nínú lọ́hùn-ún.

Lọ́pọ̀ ibi, ọ̀tọ̀ lẹni tó ni ilé-ìwé, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń darí rẹ̀. Onílé-ìwé lè jẹ́ oníṣòwò, ó lè jẹ́ pásítọ̀ tàbí àfáà, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ọ. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé kí ọ̀gá àgbà jẹ́ ọ̀gá lórúkọ lásán. Kò lè gba tíṣà síṣẹ́, kò lè dá tíṣà dúró, kò lè ra páálí ṣọ́ọ̀kì láì kọ́kọ́ pe onílé-ìwé lórí fóònù. Kò sì tó bẹ́ẹ̀ láti sọ pé ọmọ kan ò tíì yẹ kó gòkè, torí bàbá ọmọ náà ń sanwó ọmọ mẹ́rin níbẹ̀. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ kì í pẹ́ nírú ibẹ̀. Èyí tó bá pẹ́, ó ti fi ọkàn kúrò lára iṣẹ́ náà, owó oṣù ló ń dúró gbà. Màmá Ire, ohun tí ẹ sọ nípa ilé-ìwé ọmọ yín jọ èyí lójú mi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀gá ní àṣẹ lọ́wọ́, ẹ bi í ní ohun tó gba ìpinnu. Ẹ ní, "Bí ọmọ mi bá kùnà nínú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ní òpin ọdún, kí lẹ máa ṣe?" Ẹni tó ní àṣẹ yóò sọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an: ìgbà tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ pe òbí, ẹni tó máa jókòó ti ọmọ, ìgbà tí wọ́n máa ní kó tún kíláàsì kà. Bó bá dá yín lóhùn pé "Ọmọ kankan kì í kùnà níbí," ẹ dìde, ẹ máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọrọ ìwé. Ìwé iṣẹ́ ọmọ kan ní kíláàsì tí ọmọ yín máa wọ̀, kí ẹ sì mú un fúnra yín láàárín àwọn tó wà nílẹ̀, ẹ má gba èyí tí wọ́n bá nà sí yín. Ẹ wò ó bóyá ọjọ́ wà lórí iṣẹ́, bóyá tíṣà yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ọmọ padà tún èyí tó gbà lódì ṣe. Ibi àtúnṣe yẹn gan-an ni ọmọ ti ń kọ́ nǹkan. Mo ti rí ìwé tí tíṣà kọ "Very good" sí, tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ọmọ kọ lódì sì wà lókè rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ tún béèrè ìwé tí tíṣà fi ń gbára dì fún iṣẹ́, èyí tí àwa ń pè ní lẹ́sìn-nóòtù. Ọ̀gá àgbà ló yẹ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó kọ ọjọ́ sí i. Bí ẹ bá rí ìfọwọ́sí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, tó jẹ́ bíírò kan náà àti ọjọ́ kan náà, wọ́n gbọ́ pé àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ ni wọ́n fi jókòó fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí fi lélẹ̀ pé NCE, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ló kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní. TRCN, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ka nǹkan mìíràn ní yunifásítì lè lọ ṣe PGDE, ìyẹn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lẹ́yìn dìgírì, kó tó forúkọ sílẹ̀. Ẹnjiníà lè mọ ìṣirò ju èmi lọ, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń mú ọmọ ọdún mẹ́jọ kúrò nínú ìbẹ̀rù ìdá-mẹ́ta àti ìdá-mẹ́rin, iṣẹ́ tí a ń kọ́ nìyẹn. Ẹ bi ọ̀gá àgbà pé tíṣà mélòó ló ní nọ́ńbà TRCN nínú àwọn tirẹ̀. Ó yẹ kó mọ̀ ọ́n lórí.

Ẹ wo ìwé àṣẹ pẹ̀lú. Ní Àbújá, ẹ̀ka Quality Assurance lábẹ́ Education Secretariat ti FCT ló ń rí sí i. Àṣẹ nọ́sìrì àti pámárì yàtọ̀ sí ti sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń fi àṣẹ pámárì gba ọmọ sí JSS 1, tó bá wá di ìgbà ìdánwò JSS 3, ilé-ìwé mìíràn ni wọ́n máa lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ sí. Ẹ̀yin tó wà ní Mararaba, Masaka àti New Karu, ẹ rántí pé Ìpínlẹ̀ Nasarawa lẹ wà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu gbogbo wa ń pè é ní Àbújá. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Nasarawa ló ń fún ilé-ìwé ibẹ̀ láṣẹ.

Bàbá Moyọ̀, Jabi

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Àmọ́ ẹ gbà mí láyè kí n ta ko Bàbá Ìbejì díẹ̀. Ilé-ìwé tí ọmọ mi ń lọ, owó gọbọi la ń san, síbẹ̀ àwọn tíṣà ń lọ. Ọ̀gá sì sọ fún wa ní ìpàdé PTA pé àwọn ilé-ìwé ńlá ló ń gbà wọ́n lọ, àti pé àwọn míì ti já lọ sí UK. Ṣé ẹ̀bi olórí nìyẹn?

Tíṣà Lokogoma

Ẹ kú alẹ́ o. Tíṣà ilé-ìwé aládàáni ni mí, ẹ jẹ́ kí n dá Bàbá Moyọ̀ lóhùn, kò sì ní bí yín nínú.

Owó tí òbí ń san àti owó tó ń dé ọwọ́ tíṣà, wọn ò jọ ń rìn pọ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 ni 70,000 náírà. Àìmọye tíṣà aládàáni ló wà káàkiri Àbújá yìí tí owó wọn ò tó bẹ́ẹ̀, òfin náà sì yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀, nítorí náà àwọn ilé-ìwé kéékèèké lè máà bìkítà. Kí tíṣà tó ń gbé Mararaba wá wọkọ̀ lójoojúmọ́ dé Lokogoma, ẹ ṣírò ohun tó máa kù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀kọ́ àfikún tí ó ń ṣe nílé ọmọ yín lálẹ́ ló ń bọ́ ọ, kì í ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe láàárọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú olórí tó wà níbì kan, ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ tíṣà kan, kí ẹ béèrè jẹ́jẹ́ níta: "Ṣé wọ́n máa ń san owó oṣù August fún yín?" Ní ìsinmi gígùn, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni kì í san kọ́bọ̀. Àwọn míì ń san ìdajì. Nítorí náà, tíṣà tó bá ríṣẹ́ mìíràn ní July kò ní padà wá ní September, òun lẹ sì máa ń gbọ́ pé ó "já lọ." Àwọn ilé-ìwé kan wà tí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òbí ò pọ̀, tí olórí wọn sì ń tọ́jú owó August láti oṣù kìíní ọdún ẹ̀kọ́. Àwọn tíṣà ibẹ̀ kì í lọ. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí irú rẹ̀ ni mo wà báyìí.

Bàbá Moyọ̀, Jabi

Ó yé mi báyìí, Àǹtí. Mi ò ro ti August yẹn rí. N ó gbé e dìde ní ìpàdé PTA tó ń bọ̀.

Tíṣà Lokogoma

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dárúkọ tíṣà kankan níbẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ bí ìlànà ilé-ìwé.

Dáúdà Sabon Gari, Kánò

Ẹ kú ilé o, láti Kánò. Ọmọ tiyín ṣì kéré, Màmá Ire, àmọ́ bí ilé-ìwé náà bá ní sẹ́kọ́ńdìrì, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti wo ìwà olórí rẹ̀. Ilé-ìwé tó lẹ èsì WAEC mọ́ géètì, tí gbogbo ọmọ gba A mẹ́jọ mẹ́sàn-án, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mírákù sẹ́ńtà, ibi tí wọ́n ti ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti jí ìdánwò wò, pọ̀ níbi gbogbo, ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, mo sì gbọ́ pé ó wà lọ́dọ̀ yín náà. Ohun tí ẹ máa béèrè ni iye ọmọ tó wà ní SS 2 àti iye tó wà ní SS 3. Bí SS 2 bá jẹ́ ogún, tí SS 3 sì jẹ́ ọgọ́rin, níbo làwọn ọgọ́ta ti wá? Àwọn ilé-ìwé mìíràn ni wọ́n ti wá ra ìdánwò. Ọmọ yín máa jókòó láàárín wọn, ó sì máa rí i pé ẹni tí kò kàwé náà gba A. Kí lẹ fẹ́ fi sọ fún un mọ́ pé kó ṣiṣẹ́?

Ohun mìíràn tó ń tú wọn fó ni JAMB. Ẹ béèrè máàkì UTME, ìdánwò JAMB láti wọ yunifásítì, ti àwọn ọmọ tó gba A wọ̀nyẹn. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe JAMB, níbi tí ilé-ìwé ò ti lágbára lé e lórí. Bí ọmọ bá gba A nínú ìṣirò àti físíìsì ní WAEC, tí kò sì ní 150 nínú 400 ní JAMB, nǹkan wà níbẹ̀. WAEC sì máa ń dá èsì ilé-ìwé dúró, wọ́n a máa gba àṣẹ ìdánwò lọ́wọ́ ilé-ìwé tí wọ́n bá mú. Ọmọ aláìṣẹ̀ náà máa wà nínú àwọn tí wọ́n dá èsì wọn dúró.

Olórí tó lè wo òbí lójú kó sọ pé "Ọmọ yín ò tíì tó WAEC, ẹ jẹ́ kó tún SS 2 kà," mo máa gbé ọmọ mi lé e lọ́wọ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Nyanya

Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi. Mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba ìlera, bẹ́ẹ̀ òun ni èmi máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ wo fèrèsé kíláàsì. Ooru tó máa ń mú ní February títí dé April kì í ṣe ti eré ní Òkè Ọya yìí, ìgbà náà sì ni àrùn yírùnyírùn (meningitis) máa ń jà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau. Láti Senegal dé Ethiopia ni ilẹ̀ tí àrùn yìí ti ń jà jù, Òkè Ọya sì wà nínú rẹ̀. Ibi tí èrò bá ti fún mọ́ra tí afẹ́fẹ́ ò wọlé ló ti ń ràn. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní kí ọmọ tí tíṣà kan ń kọ́ má ju 25 lọ ní nọ́sìrì, àti 35 ní pámárì. Ẹ ka àga. Kíláàsì tó ní fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sàn ju èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù tí kì í ṣiṣẹ́ nítorí pé kò sí iná. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí ibà bá mú ọmọ lójijì, tí ọrùn rẹ̀ sì le. Bí ọ̀gá bá ní àwọn á fún un ní Panadol kó sùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ, kì í ṣe ti àlejò. Ṣé omi wà níbẹ̀? Ṣé ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì? Mo ń rí àwọn ọmọbìnrin tí wọn kì í mu omi láti àárọ̀ títí wọ́n á fi délé, kí wọ́n má baà lò ó, tí àrùn ìtọ̀ sì ń dé bá wọn. Olórí tó ń wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ní àràárọ̀ kì í pọ̀, àmọ́ wọ́n wà.

Ti bọ́ọ̀sì: àwa tó ń gba ọ̀nà Nyanya mọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ ń ṣe. Ọmọ á ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á sì sùn lọ nínú ọkọ̀. Ẹ béèrè bóyá àgbà kan ń jókòó ti àwọn ọmọ yàtọ̀ sí dírẹ́bà, àti bóyá ó ń ka orúkọ wọn nígbà tí wọ́n bá wọlé àti nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ tó sùn lẹ́yìn ọkọ̀, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́, nínú oòrùn Àbújá yìí, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀, Jos

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé fúnra rẹ̀ kún un. Ní July 2024, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé-ìwé aládàáni kan wó lé àwọn ọmọ lórí ní Busa Buji níbí, nígbà tí wọ́n wà nínú kíláàsì. Ẹni 22 ló kú. Títí di òní, bí mo bá wọ ilé-ìwé kankan, òkè ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ló jẹ́ pé ilé gbígbé ni wọ́n yí padà. Wọ́n á wó ògiri àárín kí yàrá lè fẹ̀, wọ́n á tún kọ́ òkè lé ilé tí wọn ò pinnu láti kọ́ òkè lé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bóyá ògiri ti ń sán, pàápàá ibi tó lọ dagun láti igun fèrèsé. Ẹ wo bóyá àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ òkè ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ní FCT, Development Control ló ń fọwọ́ sí àwòrán ilé. Ẹ bi onílé-ìwé bóyá wọ́n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé. Mo mọ̀ pé ìbéèrè yẹn le lẹ́nu òbí. Ẹ béèrè rẹ̀ síbẹ̀.

Màmá Ire, Gwarinpa

Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè kan tún wà: ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé tí mo lọ wò sọ pé àwọn ò ní Pámárì 6. Wọ́n ní bí ọmọ bá parí Pámárì 5, JSS 1 ló kàn, pé ọmọ mi já fáfá, kí n má dá a dúró. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Tèmi, Bwari

Màmá Ire, ẹ jẹ́ kó ṣe Pámárì 6. Ọdún mẹ́fà ni pámárì nínú ìlànà orílẹ̀-èdè yìí. Ilé-ìwé tó fo ọdún kan ń jẹ́ kí òbí rò pé wọ́n ṣe é lóore, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ tètè kó ọmọ náà sí sẹ́kọ́ńdìrì tiwọn kó má baà lọ síbòmíràn. Níbo lẹ fẹ́ kó sáré dé? Ní 2024, ìjọba ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 18 kó tó wọ yunifásítì, kí mínísítà tuntun tó dá a padà sí 16 lọ́dún kan náà. Ọmọ tó bá parí SS 3 ní ọdún 14, ilé ló máa jókòó sí. Ẹ tún rò ó wò pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa wà ní ilé-ìwé kan náà pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin SS 3.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Karu

Ìyá Tèmi sọ òótọ́. Pámárì 6 ni ọmọ ti ń jókòó lé ohun tó ti kọ́, tí ìwé kíkà àti ìṣirò rẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí kò ní in máa ń tiro ní JSS 1 àti 2, àwọn òbí á wá ní olùkọ́ ò kọ́ ọ dáadáa.

Ọmọ Èkìtì, Wuse

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi nìkan ni mo máa ń béèrè nípa Yorùbá? Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, wọ́n ti fagi lé e ní November 2025. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ó dùn mí gan-an. Àmọ́ ilé-ìwé ṣì lè kọ́ Yorùbá, Hausa àti Igbo bí iṣẹ́ (subject) kan, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Àbújá ló sì ń ṣe é. Ìyàtọ̀ wà láàárín ọ̀gá tó wá tíṣà Yorùbá gidi àti èyí tó ní kí tíṣà ìṣirò tó jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun máa bá wọn fi kún un. Ibi tí wọ́n bá sì ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó sọ èdè ilé rẹ̀ ní pápá ìṣeré, èmi ò ní fi ọmọ mi síbẹ̀, bí wọ́n tiẹ̀ ní kí n má sanwó.

Ummu Sódíq, Lugbe

Ẹ ò dá wà o. Èmi náà ń béèrè rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Kubwa

Ẹ jẹ́ ká tún fẹnu ba owó díẹ̀. Ẹ gba ìwé tó to gbogbo owó jọ kí ẹ tó san ẹyọ kan: owó fọ́ọ̀mù, owó ìdàgbàsókè, yunifọ́ọ̀mù, bọ́ọ̀sì, ìwé, ayẹyẹ òpin ọdún. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba gbé jáde ní 2025, ọmọ Pámárì 1 sí 3 ò gbọdọ̀ ṣe ju iṣẹ́ mẹ́wàá lọ, Pámárì 4 sí 6 ò gbọdọ̀ ju méjìlá. Bí wọ́n bá to ìwé ogún fún ọmọ Pámárì 2, ẹ bi wọ́n pé ti kí ni. Mi ò sọ pé kí owó má gòkè. Epo jẹnẹrétọ̀ gòkè, gbogbo nǹkan gòkè. Olórí tó bá pe PTA kí táàmù tó parí, tó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi owó ṣe, mo máa san án. Èyí tó ń fi WhatsApp ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé, kò ka òbí sí.

Kò sì sí ìgbéraga nínú pé a wà ní aládàáni. Ní 2025, oṣù mélòó kan ni àwọn tíṣà LEA, ilé-ìwé pámárì ìjọba, fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní FCT nítorí owó oṣù tí àwọn káńsù ò san. Àwọn ọmọ jókòó sílé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mú ọmọ wá sí aládàáni nígbà náà ò lágbára rẹ̀, wọ́n ń yáwó ni. Nítorí irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí onílé-ìwé máa bẹ̀rù Ọlọ́run.

Màmá Ire, Gwarinpa

Àmín o. Mo ti yan méjì tí n ó padà lọ wò. Ọ̀kan wà ní Life Camp, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ìwé wo ni kí n gbà kúrò níbi tí ọmọ wà báyìí?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Karu

Ọmọ mi, ẹ gba èsì táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ọdún yìí, kí ìfọwọ́sí ọ̀gá àti òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, àti lẹ́tà tó fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda ọmọ. Bí owó bá kù tí ẹ jẹ, ẹ san án kí ẹ sì gba rìsíìtì, torí wọn ò ní fún yín ní ìwé kankan bí ẹ bá ṣì jẹ wọ́n. Ẹ tọ́jú ìwé iṣẹ́ ọmọ fún ọdún yìí pẹ̀lú. Ẹ kó o dání lọ síbi tuntun, kí tíṣà tó máa gbà á lè rí ibi tó dé gan-an. Bí ọ̀gá ibẹ̀ bá gba ìwé náà lọ́wọ́ yín, tó jókòó, tó sì ṣí i wò kó tó sọ ọ̀rọ̀ owó, ẹ wá sọ fún wa níbí. Kí ẹ ríi pé lẹ́tà yẹn ti wà lọ́wọ́ yín kí táàmù kẹta tó parí o. Bí wọ́n bá ti lọ ìsinmi, ẹni tó máa fọwọ́ sí i kì í sí nítòsí títí di September.